Ibòòji Tí Mo Gé Lulẹ̀

Agbọ̀n ni mo ń hun ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ wọ igbó, ẹnu sì ń ya gbogbo ẹni tí ó ń kọjá níwájú ilé mi. Ọdẹ tí ó bá fẹ́ lọ sí Igbó Ẹ̀làgbà, ìbọn ni wọ́n máa ń rí i tí ó ń nù. Èmi gbé ìbọn ti ògiri, mo kó imọ̀ ọ̀pẹ sí àárín ẹsẹ̀, mo ń hun agbọ̀n bí ẹni tí ó fẹ́ kó adìẹ lọ sí ọjà. Ọdẹ́tóyè, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣọdẹ, dúró lé mi lórí, ó ní, "Ọdẹ́jìmí, ṣé akàn ni o fẹ́ lọ mú ni?" Mo ní igi ni mo fẹ́ lọ mú. Ó ní, "Igi kì í sá. Kí ni o fẹ́ fi agbọ̀n ṣe?" Mo dá a lóhùn pé èyí tí kì í sá yẹn gan-an ni ó ti ṣẹ́gun mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí agbọ̀n náà ṣe rí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo hun ní fífẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo hun le. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Mo ti rí i pé bí a bá fa ọ̀dọ́ igi tu, irun wẹ́wẹ́ ara gbòǹgbò rẹ̀ á já, irun wọ̀nyẹn ni ó sì fi ń mu omi. Ṣùgbọ́n bí a bá wa òun àti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ pọ̀, tí a gbé e sínú agbọ̀n, tí a sì ri tòun tagbọ̀n mọ́lẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ á jẹrà, gbòǹgbò á gba àárín rẹ̀ kọjá, igi náà kò ní mọ̀ pé òun ti kúrò nílé.

Ohun tí ó gbé mi dé ìdí agbọ̀n híhun kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa. Ẹ̀gbọ́n mi, Ọdẹ́lékè, ti kú, ó fi ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ṣijú, sílẹ̀ nínú ilé tí ó kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Aláró ni Ìyá Ṣijú, ẹ̀yìn yàrá rẹ̀ ni àwọn ìkòkò aró rẹ̀ wà. Ẹ̀bá ògiri yàrá yẹn náà ni mo ri òpó sí, tí mo fi ṣe pẹpẹ tí mo ń yan ẹran ìgbẹ́ lé. Igi gbígbẹ ni ọdẹ tí ó mọṣẹ́ fi ń ṣe òpó pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀dán tútù ni ó wà nítòsí lọ́jọ́ náà, ni mo bá gé e. Kò pẹ́, òpó rúwé. Inú mi dùn kọjá ààlà, nítorí mo fẹ́ràn láti máa wo bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ń pe àwọn ènìyàn wá wò ó: ẹ wo igi tí mo gé lórí, tí mo gé nídìí, tí ó tún jí. Mo ṣí pẹpẹ kúrò, mo fi igi sílẹ̀. Ọ̀dán ga, ó ya ẹ̀ka, Ìyá Ṣijú gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ọpẹ́ náà ni mo gbà. Ohun tí ó ń lọ lábẹ́ ilẹ̀, n kò wò ó.

Ní ọdún tí òjò pọ̀, ògiri yàrá náà lanu, ó wó lé àwọn ìkòkò aró. Nígbà tí a kó amọ̀ kúrò, gbòǹgbò ọ̀dán ni a bá ní ìpìlẹ̀, ó nípọn bí apá mi. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mú àáké lọ́jọ́ náà gan-an, mo gé ọ̀dán lulẹ̀ láì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀. A tún ògiri mọ, a wá ìkòkò mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè mọ ibòòji bí a ti ń mọ ògiri. Oòrùn ọ̀sán ń lu ẹ̀yìn obìnrin náà, omi aró ń fà gbẹ, afẹ́fẹ́ ń da eruku sínú ìkòkò. Ìyá Ṣijú ní bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, òun yóò padà sí ilé bàbá òun ní Òkè-Ìrẹsì. Ó di ẹrù rẹ̀, ó fi okùn dè é, ó gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí ó bá lọ, ilé ẹ̀gbọ́n mi di ahoro nìyẹn, èmi ni mo sì sọ ọ́ di ahoro.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe àwọn tí ó bá nílé ọkọ ní orúkọ. Orúkọ mìíràn ni ó máa ń fún wọn. Nígbà tí wọ́n gbé Ìyá Ṣijú wọ ilé wa, ọmọdé ni mo jẹ́, mo tẹ́ẹ́rẹ́, mo gùn gbọọrọ. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sọ mí ní Agùntáṣọọ́lò, nítorí ó ní irú mi ni aṣọ ń yẹ. Láti ìgbà náà, orúkọ mi kò ti ẹnu rẹ̀ jáde rí. Ọjọ́ tí mo gé ọ̀dán, ó jáde, ó wo kùkùté, ó wò mí, ó ní, "Ọdẹ́jìmí, o ṣeun." Ó padà wọlé. Ẹkùn ti bú ramúramù lẹ́yìn mi rí tí n kò sì gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo gbọ̀n lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi hun agbọ̀n. Mo ní n óò lọ wá igi tí ó rẹwà jù nínú igbó, n óò gbìn ín yí ilé rẹ̀ ká.

N kò ní fi bí mo ṣe rìn dá yín dúró. Ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ ẹsẹ̀ mi. Kò sí ẹran kan ní Igbó Ẹ̀làgbà tí n kò lè sọ ibi tí ó sùn. Mo ti wọ inú igbó jìnnà nígbà tí ohùn kan kí mi láti ẹ̀yìn ọrùn pé, "Ẹ kú ìrìn, bàbá onílé." Mo yíjú padà. Ohun tí mo rí lórí ẹ̀ka kò ju ọ̀kẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ojú àgbàlagbà ni ó ní. Ewé ọ̀dán gbígbẹ ni ó dá ní ẹ̀wù. Ó ru ẹrù, gbogbo ilé rẹ̀ ni ó wà lórí rẹ̀: ẹní tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ìkòkò tí ó tó èèpo ẹ̀pà, àti ìgbálẹ̀ tí ó dàbí irun ìpéǹpéjú.

Mo ní, "Ta ni ọ́? Ìgbà wo ni mo di onílé rẹ?"

Ó ní, "Ẹ kò lè mọ̀ mí, ẹ kì í wòkè. Ayálégbé ni orúkọ mi. Orí ọ̀dán yín ni mo ń gbé, níbi tí ẹ̀ka ti pín sí méjì. Ọjọ́ tí ẹ mú àáké dé, oúnjẹ mi wà lórí iná."

"Èé ṣe tí o kò ké sí mi?"

"Mo ké. Àáké yín ni ó dún jù mí lọ."

Kò bínú. Ìyẹn ni ó dùn mí jù. Ìbá ṣe pé ó bú mi, ǹ bá mọ ohun tí n óò fi dá a lóhùn, nítorí ẹnu mi kò lẹ́gbẹ́ bí ó bá di ọ̀ràn èébú. Ó kàn dúró, ó ń tún ẹrù rẹ̀ gbé lórí. Ó ní, "Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ yan igi. Ẹ yan èyí tí èmi náà lè gbé orí rẹ̀, n óò mú yín dé ọ̀dọ̀ Oníbodè. Òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀dọ́ igi kan jáde nínú igbó yìí láìjẹ́ pé ó mọ ibi tí ó ń lọ." Mo gbà. Ó fò sí èjìká mi tẹrù tẹrù, a ń lọ.

Àárín ọ̀nà ni Oníbodè jókòó sí. Ìdajì ara rẹ̀ jẹ́ ti ènìyàn, ìdajì jẹ́ èèpo igi. Irùngbọ̀n rẹ̀ wọlẹ̀ lọ bí gbòǹgbò, oyin ti ṣe ilé sí etí rẹ̀ kan, bí ó bá sì ń sọ̀rọ̀, ewé ń bọ́ láti ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, ẹran wo ni o wá pa?"

Mo ní, "Ẹran kọ́, bàbá. Igi tí ó rẹwà ni mo wá wá, fún ilé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi."

"Èwo ni ó rẹwà níbí?"

Mo nawọ́ sí òrúrù kan tí ó tanná pupa fòò bí ẹni pé ọ̀run ń jó lórí rẹ̀. Oníbodè rẹ́rìn-ín, ewé bọ́ sílẹ̀. "Ojú rẹ ti yàn," ni ó wí. "Jẹ́ kí a bi ilé náà léèrè." Ó ní kí n fi ìka ya ilé Ìyá Ṣijú sí orí iyanrìn. Mo yà á: yàrá, ògiri, ìkòkò aró, ọgbà. Ó bu omi láti inú ahá, igbá kékeré kan, ó wọ́n ọn sí i. Ẹ̀yin ènìyàn mi, iyanrìn náà dìde bí ìgbà tí ikán ń mọlé. Ilé kékeré yọ, ó ní òrùlé. Obìnrin kan tí kò ju kòkòrò lọ jáde, ó mú ọ̀pá, ó ń ro aró. Mo mọ bí ó ṣe ń gbé apá. Oníbodè ju irúgbìn òrúrù kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé náà, ó hù, ó ga, ó tanná, gbogbo rẹ̀ láàárín ìgbà tí ènìyàn fi ń mí kanlẹ̀. Ó dára lójú púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni Oníbodè fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ láti ẹnu. Ẹ̀ka ńlá kán, ó já lu òrùlé, obìnrin kékeré náà sì káwọ́ lérí, ó ń sáré káàkiri. Inú ẹ̀ka òrúrù rọ̀. Mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ń gun igi dúró de ẹran, n kì í gun òrúrù. Igi tí n kò jẹ́ gbé ara mi lé ni mo fẹ́ gbìn sí orí ẹlòmíràn.

Mo fẹ́ fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kò gbé. Mo wolẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ mi ti ta gbòǹgbò.

Oníbodè ní, "Tún yàn."

Mo rò pé n óò gbọ́n. Mo yan àgbálùmọ̀, nítorí kì í kán bọ̀rọ̀, ibòòji rẹ̀ ṣú, ènìyàn sì ń rí i jẹ. Ó hù nínú iyanrìn, ó so. Ni àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ bá tú jáde bí èèrà, wọ́n ń sọ òkò, wọ́n ń ju igi. Òkò kan bọ́ sínú ìkòkò aró, ìkòkò fọ́. Èso jíjẹrà bo ilẹ̀, eṣinṣin bo èso. Mo tún rí obìnrin kékeré náà tí ó ń ṣa àpáàdì. "Àgbálùmọ̀ dára," ni Oníbodè wí, "fún ilé tí kò ní ìkòkò." Nígbà yìí, èèpo igi ti dé orúnkún mi. Èèrà kan ti ń gun ojúgun mi, ó ń wá ibi tí òun yóò kọ́lé sí. Bí mo ti mọ igbó tó nìyẹn, ẹ wá wo bí igbó ṣe fẹ́ mọ èmi náà.

Oníbodè ní, "Dáhùn èyí. Ó wọ ilé láì kan ilẹ̀kùn. Ó bá wọn gbé, kò bu oúnjẹ wọn. Ọjọ́ tí wọ́n rí i ni ilé wó. Kí ni?"

Mo ní, "Gbòǹgbò ọ̀dán ni, bàbá. Òpó tútù tí èmi fi ọwọ́ ara mi rì mọ́lẹ̀ ni."

"O mọ èyí. Ìgbà wo ni ìgalà ń mu omi?"

"Kí ìrì tó gbẹ," ni mo dáhùn kíákíá.

"Bí ẹfọ̀n bá ń jẹko, apá ibo ni ó ń kọjú sí?"

"Apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀."

"Ìgbà wo ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ń ro aró?"

Mo wo obìnrin kékeré inú iyanrìn náà.

"Apá ibo ni oòrùn ń gbà bá a? Ibo ni ó ń da omi aró tí ó ti kú sí?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò mọ̀. Obìnrin tí ó wẹ̀ mí ní kékeré, tí ó fi ọṣẹ sí mi lójú, tí mo sì ké títí. Mo lè fi ọwọ́ kan ilẹ̀ kí n sọ ìgbà tí ẹtu kọjá, n kò sì mọ wákàtí tí ó fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ògiri mi. Èèpo ti dé ìbàdí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bí omi ṣe ń gòkè nínú ẹsẹ̀ mi, ìtìjú kò sì jẹ́ kí n lè ké.

Ayálégbé sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí èjìká mi. Ó ní, "Èmi mọ̀. Òkè ni mo wà. Àárọ̀ ni ó ń gún ewé elú. Nígbà tí oòrùn bá ti kọjá àtàrí ni ó ń ro aró, ìwọ̀-oòrùn ni oòrùn sì ń gbà bá a. Ìdí ọgbà lápá ọ̀tún ni ó ń da omi aró sí. Eérú inú rẹ̀ kò jẹ́ kí ewéko yè níbẹ̀. Bí ó bá dá wà, ó máa ń sọ̀rọ̀ akòko kan tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀. Ó ní òdòdó rẹ̀ máa ń bo ilẹ̀ ní àárọ̀ bí ẹni tẹ́ aṣọ."

Nígbà náà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í yàn bí ọdẹ. N kò wo igi mọ́. Ilé ni mo ń wò. Mo ní, "Bàbá, àjẹ́kòbàlé, igi tí ẹ̀ka rẹ̀ le tí ibòòji rẹ̀ sì ṣú, ni n óò gbìn sí ìwọ̀-oòrùn ìkòkò, kí òjìji rẹ̀ lè máa bọ̀ lọ́sàn-án. N óò ro bí yóò ti ga tó nígbà àgbà, n óò sì gbìn ín jìnnà sí ògiri débi pé bí ó bá tilẹ̀ wó, orí rẹ̀ kò ní kan ilé. Pèrègún kì í gbòòrò, òun ni n óò tò dí ọ̀nà eruku. Elú ni n óò jẹ́ kí ó fà mọ́ ọgbà lápá òsì, níbi tí omi aró kì í dé, kí ó lè máa já ewé rẹ̀ láìlọ sí oko. Akòko ni n óò gbìn sí ẹnu ọ̀nà. Ó máa ń lọ sókè tààrà, kì í fẹ̀ ju àyè rẹ̀ lọ." Mo ń sọ ọ́, wọ́n ń hù nínú iyanrìn. Oòrùn kékeré kan yí kọjá lórí ilé náà, òjìji àjẹ́kòbàlé sì ń fà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bo ìkòkò ní ìgbà tí obìnrin náà mú ọ̀pá aró. Mo gbàgbé pé igi ni mí dé ìbàdí. Inú mi dùn bí inú ọmọdé, nítorí bí ó ṣe bá ara mu.

Oníbodè ní, "Máa lọ. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ rẹ yóò ṣẹ́ kù sí ọwọ́ mi, kí ó lè máa rán ọ létí láti béèrè." Èèpo ré kúrò lára mi, ó ku ti gìgísẹ̀. Ẹ wò ó. Ẹ fọwọ́ kàn án, kì í ta mí. Ẹ̀gún kò lè gún un títí dòní.

Mo wa àwọn igi náà sínú agbọ̀n mẹ́ta tí mo hun. Bí mo ti ń bọ̀, tí mo ru agbọ̀n kan, tí mo fa méjì dání, ẹfọ̀n kan jáde sí mi lójú ọ̀nà. N kò ní ọwọ́ tí n óò fi mú ìbọn. Mo dúró gbọningbọnin láàárín ewé. Ó wá, ó gbóòórùn gìgísẹ̀ mi, ó ha ìwo rẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ bí ó ti ń ṣe sí igi, ó kọjá lọ. Ọdẹ́tóyè kò gba èyí gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀.

Mo dé ilé, n kò mú ọkọ́. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ṣijú. Ó wo agbọ̀n, ó ní, "Ọdẹ́jìmí, òpó pẹpẹ ni o tún gbé dé?"

Mo ní, "Rárá o, Ìyá Ṣijú. Igi ni. Mo wá bi yín léèrè kí n tó ri ohunkóhun mọ́lẹ̀."

"Ìwọ ń béèrè? Ara rẹ kò yá ni?"

Mo mú èèkàn ọparun jáde, mo ní kí ó jókòó sí ìdí ìkòkò rẹ̀ bí ó ti máa ń jókòó, n óò gún èèkàn sí ibi tí igi kọ̀ọ̀kan yóò wà. Ó ní, "Ṣé ọparun yẹn gbẹ?" Mo ní ó gbẹ. Ó ní, "Ṣẹ́ ẹ kí n gbọ́." Mo ṣẹ́ ọ̀kan, ó dún pàá. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa ẹnu mọ́. Nígbà tí mo gún ti àjẹ́kòbàlé, ó mi orí. "Sún un sí ẹ̀yìn. Tí igi bá wà níbẹ̀, ibo ni n óò sá aṣọ sí? Aṣọ aró ń fẹ́ oòrùn díẹ̀." Èyí kò sí nínú ohun tí Ayálégbé rí, kò sí nínú iyanrìn Oníbodè. Mo sún un.

Nígbà tí a gbìn wọ́n tán, ó wo àwọn ọ̀dọ́ igi tí kò tó ènìyàn lóòró. "Ìgbà wo ni ìwọ̀nyí máa ṣe ibòòji?"

"Wọn kò ní tètè ṣe é."

"Ẹrù mi sì wà ní dídì."

"Ẹ jẹ́ kí ó wà ní dídì. N óò fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà sórí ìkòkò yín, n óò sì máa tún un ṣe títí igi yóò fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Tí o bá kú ńkọ́?"

"Mo ti kọ́ Ọdẹ́tóyè bí a ṣe ń ṣe é."

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, Ìyá Ṣijú kò lọ, ṣùgbọ́n kò tú ẹrù. Mo ń pọnmi, mo ń ṣán imọ̀ ọ̀pẹ, mo ń gbọ́ "Ọdẹ́jìmí, o ṣeun" láràárọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ìjì kan jà ní ọ̀sán, ó tẹ àjẹ́kòbàlé kékeré náà dórí kodò. Mo sáré jáde, mo di igi náà mú láàárín òjò, mo ń wá ohun tí n óò fi so ó mọ́ èèkàn. Ìyá Ṣijú wọlé, ó jáde, ó na okùn sí mi. Mo mọ okùn náà. Lára ẹrù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ó ti tú u. Mo fi so igi náà.

Igi gba àkókò tirẹ̀. Ọdún tí akòko kọ́kọ́ tanná, mo jí, mo rí i tí òdòdó aláwọ̀ osùn bo ẹnu ọ̀nà Ìyá Ṣijú bí ẹni tẹ́ aṣọ, kò sì gbá a. Elú ti bo ọgbà, pèrègún ti dí ọ̀nà eruku. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo lọ tú àtíbàbà ká, nítorí kò wúlò mọ́. Òjìji àjẹ́kòbàlé ti fà dé orí ìkòkò, ó bo ìkòkò tán, kò sì dé ibi tí aṣọ wà. Mo wòkè, mo ti ń wòkè nísinsìnyí. Níbi tí ẹ̀ka ti pín sí méjì, ẹní kékeré kan wà tí wọ́n sá, èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń rú níbẹ̀. Mo dúró sínú oòrùn, mo gbé imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ lápá, n kò mọ ibi tí ó kàn. Ìyá Ṣijú kò gbójú sókè kúrò nídìí aró. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sí ọ̀dọ̀ mi.

"Agùntáṣọọ́lò," ó ní, "ẹ kó ìyẹn sílẹ̀, ẹ wá jókòó. Oòrùn wà níbi tí ẹ dúró sí."

Mo jókòó.